Wọ́n Ní Màmá Oní-POS Ni Ọ̀gá Olè

Ẹni tó bá mọ àwọn tó ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa níbi iṣẹ́ yìí, kó jọ̀ọ́ bá mi bi wọ́n léèrè: kí ni mo ṣe fún wọn? Wọ́n ní kò sí ohun tá a máa kó sórí kọ̀ǹpútà, inú bùráúsà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣí i, kọ àlígọ́rídímù tìrẹ, tẹ bọ́tìnì, kó o máa wo bó ṣe ń ya àwòrán. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ni mo ti ń jẹun, ní Yaba. Àwọn tó ń fi àkáǹtì ayédèrú lu jìbìtì ni wọ́n ní kí n máa wá. Wọ́n ní tábìlì tá a ń to orúkọ sí tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe é mọ́, àfi graph database. Níbẹ̀, àmì róbótó kan ni oníbàárà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ jẹ́ róbótó tirẹ̀, BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ní báńkì, náà jẹ́ tirẹ̀, ìlà ló so gbogbo wọn pọ̀. Bí àkáǹtì mẹ́wàá bá ń lo fóònù kan ṣoṣo, kíá lo máa rí i bí wọ́n ṣe rọ̀gbà yí i ká. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọgbọ́n ńlá ni. Irú dátábéèsì yìí ni àwọn oníròyìn ICIJ fi tú ìdí ìwé àṣírí mílíọ̀nù 11.5 tó jò síta nínú ọ̀rọ̀ Panama Papers lọ́dún 2016, tí olórí ìjọba Iceland fi kúrò nípò.

Tiwọn mú olórí ìjọba. Tèmi mú màmá oní-POS.

PageRank ni mo gbé kódù mi kà, èyí tí Larry Page àti Sergey Brin gbé jáde ní Stanford lọ́dún 1998: ẹni tí àwọn ẹni ńlá bá nàka sí lòun náà ń di ẹni ńlá. Mo tẹ bọ́tìnì. Ta ló yọ téńté? Màmá kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, tó ń bá aráyé yọwó. Ta ni kì í yọwó lọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ̀rọ kùn ún ní pupa, ó fẹ̀ ẹ́ dé ìdajì ojú kọ̀ǹpútà. Èmi náà wà lára ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, ó súnmọ́ màmá náà jù mí lọ.

Mo ní kí ẹ̀rọ yọ ẹni tí ìlà rẹ̀ bá ti pọ̀ jù. Bí màmá ṣe kúrò, àwọn tó ń ta iná mànàmáná bọ́ sípò. Mo yọ wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì kan ló kàn. Ta ló fẹ́ lọ sọ ìyẹn fún pásítọ̀?

Ó wá ku ọ̀nà kejì tá a lè gbà kọ kódù, èyí tí Google gbé jáde lọ́dún 2010, tí wọ́n sọ ní Pregel, orúkọ odò tí Euler, onímọ̀ ìṣirò, tìtorí afárá méje orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ graph lọ́dún 1736. Róbótó kọ̀ọ̀kan á ronú fúnra rẹ̀, á ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ọ̀rọ̀ mọ́ á dìbò pé ká dáwọ́ dúró, á sì sùn. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá tún dé sí i, á jí. Ìgbà tí gbogbo wọn bá sùn tán niṣẹ́ parí. Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé ẹbí rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀gbọ́n àgbà á ní òun ti gbà, àbúrò ìyá á sọ gbólóhùn kan péré, ẹ̀gbọ́n á tún dìde. Báyìí ni tèmi ṣe ń jí ara wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Fáànù kọ̀ǹpútà ń ké tòò, dátà tí mo fi owó ara mi rà ń yọ́ lọ. Nígbà tó yá, bùráúsà kú fin-ín, gbogbo kódù tí mo kọ bá a lọ, nítorí irinṣẹ́ olówó gọbọi yìí kì í bá èèyàn tọ́jú nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, jókòó nílé kọfí ní Amsterdam lọ́dún 1956 pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì fi ogún ìṣẹ́jú gbé àlígọ́rídímù ọ̀nà tó kúrú jù kalẹ̀. Kò mú bébà, kò mú bírò. Bóyá ilé kọfí ló yẹ kí wọ́n rà fún wa.

Mo tún PageRank kọ látìbẹ̀rẹ̀, màmá tún yọ. Ọ̀gá ṣáà dé ẹ̀yìn mi lánàá, ó wo àwòrán náà títí.

“Róbótó ńlá wo nìyí?”

“Màmá oní-POS ni, sà.”

“Ó dára gan-an ni! Pupa yẹn nìkan ni kò wù mí. Bá mi sọ ọ́ di àwọ̀ ewé kó bá lógò wa mu, àwọn olówó tó fẹ́ bá wa dòwò pọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.”