Alàájì Rìmóòtù

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti kúrò ní Tunga tí ẹ forí lé Chanchaga, Shango lẹ ó ti bá a, nínú ilé tí wọn ò tíì kùn lọ́dà, tí wọ́n ṣì fi ọ̀rá bo fèrèsé òkè rẹ̀, àmọ́ tí géètì rẹ̀ ń dán bíi bàtà ṣọ́jà. Alàájì ni wọ́n ń pè é lójú. Ó dẹ̀yìn kí wọ́n tó fi Rìmóòtù kún un.

Ẹ̀rù olè kọ́ ló ń bà á. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé géètì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Tunga ń dá ṣí, tòun sì ń dúró de ẹni tí yóò tì í. Ló bá ránṣẹ́ pe wẹ́dà.

"Ṣé o lè ṣe ótòmátíìkì?"

"Háà, Alàájì! Iṣẹ́ wa nìyẹn."

Láti ìgbà tí wẹ́dà yìí ti ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, bọ́gúlárì fèrèsé àti irin ìdúró táńkì omi ló ń ṣe. Orí fóònù ló ti wo èyí tó kù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú: ó tẹ́ irin tí táyà géètì yóò máa gbà, ó jó irin eléyín mọ́ géètì nísàlẹ̀, ó da kọnkéré sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa fà á. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀rọ náà pé kò gbọdọ̀ fa ohun tó bá ju kílógíráàmù 600 lọ. Alàájì ò ka ìyẹn sí. Ó ní irin tó nípọn jù lọ́jà lòun fẹ́, orí kìnnìún méjì, àti orúkọ òun gàdàgbà láàárín. Wẹ́dà rọra bi í bóyá kò ní wúwo jù.

"Ìwọ lo máa gbé e ni?"

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti ń kérora.

"Power State" ni wọ́n kọ sára nọ́ńbà ọkọ̀ Ìpínlẹ̀ Niger, wọn ò sì purọ́. Kainji ti ń pèsè iná láti 1968. Agbára Shiroro tó mẹ́gáwáàtì 600, ti Zungeru jẹ́ 700. Gbogbo rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ó kàn jẹ́ pé kì í fẹ́ sùn nílé ni. Bí iná bá lọ, tí bátìrì náà kú, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ló ń tú eyín ẹ̀rọ sílẹ̀ kí èèyàn lè fọwọ́ ti géètì. Inú báàgì Ìyá Alàájì ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún máa ń wà. Ìyá Alàájì sì ń tajà ní Bídà.

Bí iná bá wà, ó ku ojú. Ojú méjì ni wọ́n kàn mọ́ òpó, tí wọ́n ń wo ara wọn. Bí nǹkan bá dí wọn, géètì ò ní padé, kó má baà gbá èèyàn. Ọyẹ́ dé, eruku bò wọ́n. Géètì gbà pé ẹnì kan dúró síbẹ̀. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu mọ́jú, ewúrẹ́ àdúgbò sì wọlé wá fi òdòdó Alàájì ṣe sààrì.

Síbẹ̀, bí Alàájì bá ń ti mọ́sálásí bọ̀, fèrè ló kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí àwọn aládùúgbò lè yọjú, kó tó wá na rìmóòtù síta látinú ọkọ̀.

Mẹ́gáàdì tí ótòmátíìkì ìbá lé lọ ti wá di ọ̀gá. Òun ló ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì àlòkù nu ojú géètì láràárọ̀, òun ló ń tọ́jú rìmóòtù kejì àti kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbà kúrò nínú báàgì Ìyá Alàájì níkẹyìn, òun náà ló ń ti kìnnìún méjèèjì bí iná bá lọ. Ó bẹ̀bẹ̀ fún àfikún owó oṣù, Alàájì sì fún un. Ohun kan péré ni Alàájì fi dè é: bí àlejò bá dé nígbà tí kò síná, kó kọ́kọ́ na rìmóòtù sí géètì, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó mi orí, kó tó bọ́ bàtà kó máa tì í.