Dókítà Ẹ-Wò-Mí

Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, irú ènìyàn kan ni, ṣùgbọ́n kò sí ará Parakou ní Benin tí kò mọ̀ ọ́n. Oníṣẹ́ abẹ ni. Ó mọṣẹ́, ká má parọ́ mọ́ ọn. Fóònù ni kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ sinmi.

Kó tó wọ ìbọ̀wọ́, ó ti ya ara rẹ̀ ní fọ́tò mẹ́ta. Bí gẹ̀gẹ̀ bá ti jáde lọ́rùn aláìsàn báyìí, nọ́ọ̀sì á gbé e sókè nínú abọ́ irin, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòmú, ó di orí Facebook: “Ògo ni fún Ọlọ́run! Gẹ̀gẹ̀ ọdún 15 ti lọ!” Kí ẹni tó ni gẹ̀gẹ̀ tó jí lójú oorun, àwọn tí kò rí i rí ti ń kí ọ̀gá kú oríire.

Ó ní òun bo ojú aláìsàn. Òótọ́ ni, ó fa ọ̀dà dúdú kọjá ẹyinjú méjèèjì. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ ńkọ́? Ní ìlú tí onízémi ti lè fi ìrìn ẹsẹ̀ rẹ mọ ilé ìyá rẹ! Ó tún ní òun gbàṣẹ. Ìgbà wo? Nígbà tí ìyá náà ti nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹni tó ń tọrọ àṣẹ sì fẹ́ mú abẹ. Ta ni yóò dáhùn pé rárá?

Òfin Benin lórí ọ̀rọ̀ ayélujára, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2017-20, tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tí a kì í dédé gbé kiri. Ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ kan, Katharine Roxanne Grawe, títí láé ní oṣù keje ọdún 2023. Ó máa ń bá àwọn òǹwòran TikTok tàkúrọ̀sọ lẹ́nu iṣẹ́ abẹ. Ọ̀gá wa ka ìròyìn náà, ó ní òyìnbó ti le jù.

Ohun tó ń bí ọ̀gá nínú ni ti dókítà kékeré kan, obìnrin, tó lọ sinmi létí òkun Grand-Popo, tó fi fọ́tò ara rẹ̀ nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sórí Instagram. “Ẹ ń bà wá lórúkọ jẹ́!” Ọ̀gá ní ẹlẹgbẹ́ lókè òkun. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Journal of Vascular Surgery ti tẹ ìwádìí kan jáde rí, tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta fi orúkọ ayédèrú yọjú wo ojúewé àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ka irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwàkiwà. Ní oṣù keje ọdún 2020, àwọn dókítà obìnrin káàkiri ayé da fọ́tò aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tiwọn bo Twitter, ni àwọn olóòtú ìwé ìròyìn náà bá tọrọ àforíjì, wọ́n fa ìwádìí náà yọ.

Ara tirẹ̀ ni dókítà tó lọ Grand-Popo fi hàn. Ọrùn ta ni ọ̀gá ń fi hàn?

Ìyá oníwasawasa kan ní ọjà Arzèkè ni. Oníbàárà ló na fóònù sí i: “Ìyá, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí?” Nígbà tí ọjọ́ yíyọ òwú pé, Djougou ló gbà lọ, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lójúewé ọ̀gá.