Mo Ti Bí Mẹ́ta, Kò Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé bí obìnrin bá ti bímọ, inú rírun nǹkan oṣù á fi í sílẹ̀? Ẹ bá mi wá a. Láti JS2 ni wọ́n ti ń sọ ọ́ sí mi létí: màmá mi, ìyá ìjọ, àní ọlọ́kadà kan tó rí i pé mo ká kò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbín tó kan iyọ̀. Mo gbọ́. Mo lọ́kọ. Mo bí Táíwò àti Kẹ́hìndé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Ìdòwú tẹ̀ lé wọn. Nǹkan oṣù padà dé, inú rírun sì bá a wọlé bí onílé tó wá gba owó. Wọ́n ní ó máa ń rọ àwọn kan lẹ́yìn ìbímọ lóòótọ́. Èmi ò sí lára wọn.

Ìmọ̀ràn ò sì wọ́n. Má fẹnu kan ṣúgà. Da iyọ̀ sínú mínírà. Mo dà á, ó hó bò mí lójú. Mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Mo mu ún, ilé ìyàgbẹ́ ló gbé mi lọ, ìyà wá di méjì.

Omi gbígbóná nìkan ló ń ṣàánú mi. Ìgò oníke wó pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ló bá ku ìgò ṣìnáàpù tí a gbé ti òde ìgbéyàwó wálé. Mo rọ omi tó gbóná níwọ̀n sí i, mo fi táwẹ̀lì wé e, mo gbé e lé abẹ́ ìdodo, mo dùbúlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni ìyá ọkọ mi wọlé. Wọ́n wo ìgò. Wọ́n wò mí. Wọ́n rọra jókòó.

“Ìyá Ìbejì, láti ìgbà wo?”

Títí dòní, bí àdúrà bá kan àwọn tí ọtí ń dà láàmú, ojú kan ni wọ́n ń ṣẹ́ sí mi. Bẹ́ẹ̀ ìgò mi ní ẹlẹ́rìí: ní 2001, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi ooru àti ibuprofen wéra fún irú ìrora yìí, ooru ò gbẹ́yìn.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Èṣí ni nọ́ọ̀sì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ilé ọmọ ló ń pèsè nǹkan kan tó ń jẹ́ prostaglandin, òun ló ń mú un fún ara rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ibuprofen kì í jẹ́ kó pọ̀. Nítorí náà, gbàrà tó bá ti ń ta díẹ̀díẹ̀ ni kí n jẹun kí n lò ó, kì í ṣe ìgbà tí mo bá ti ń ké pe ìyá mi tó wà ní Ìṣẹ́yìn. (Ẹlẹ́gbò inú ò gbọdọ̀ dán an wò o. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ń le sí i lóṣooṣù, kó lọ yẹ ara wò, ó lè jẹ́ fáíbrọ́ìdì.) Ọdún 21 ni mo fi ń dúró kó kọ́kọ́ dá mi gúnlẹ̀ kí n tó wá oògùn, torí wọ́n ní obìnrin a máa fara dà á!

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ẹni tó bá tún fẹ́ ní kí n bí ọ̀kan sí i, bóyá á lọ, kó kọ́kọ́ mú owó ilé ìwé Àlàbá wá.