Sinimá Oníjẹnẹrétọ̀

Ẹ bi ọmọ ìsinsìnyí ní ohun tó ń jẹ́ Pen Cinema l'Ágége, yóò ní afárá tí wọ́n ṣí ní 2021 ni. Kò mọ̀ pé ilé sinimá ló fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwa ará Òkòkòmáíkò ò rí irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀. Tiwa, yàrá onípákó ni: tẹlifíṣọ̀n kan, fídíò kan, jẹnẹrétọ̀ kan, bẹ́ǹṣì mélòó kan, àti èrò tó ń làágùn gbuuru. Bruce Lee ò ní í jà tán kí bẹntiróòlù má tán. Bó bá ṣe gbẹ́sẹ̀ sókè báyìí, òkùnkùn! Ẹsẹ̀ ọ̀hún á wà lókè títí ọmọ tí wọ́n rán ní epo á fi ti Ìba dé.

Fíìmù Íńdíà ńkọ́? Bọ̀dá kan ló ń túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹni tí bọ̀dá pè ní bàbá ọmọ, ọlọ́pàá tó wá mú un ni. Ìtumọ̀ ti bọ̀dá ṣì dùn jù.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì kún ọjà Àlàbá nítòsí wa l'Ọ́jọ́, kálukú gbé sinimá lọ sílé. Onísinimá wa bá sọ yàrá di ilé ìwo bọ́ọ̀lù. Jẹnẹrétọ̀ yẹn náà ni o. Àsìkò pẹnáritì ló máa ń kú.