Ọta Ìbọn Nínú Ẹ̀wà

Ìyàwó mi ló rí i. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Bosso nílùú Minna, ó gbé atẹ lé itan, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ṣàdédé ló dáwọ́ dúró. Ó fi ìka méjì mú nǹkan kan, ó gbé e sókè síhà oòrùn, ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, irú ẹ̀wà wo lẹ rà wálé yìí?"

Ọta ìbọn ni. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, orí rẹ̀ ṣú bí òjé ara àwọ̀n apẹja. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo ti fi ń wá a. Mo ti wọ́ fíríìjì kúrò láyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù títí ọrùn fi ń dùn mí, mo sì ti gbà fún ara mi pé eku ló gbé e lọ. Kàkà kí n wá jẹ́wọ́, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Àwọn ọlọ́jà Bosso yìí náà! Kò sí ohun tí wọn ò lè pò mọ́ ẹ̀wà kó lè kún kóńgò."

Ìyàwó mi wò mí. Ọdún mẹ́tàdínlógún la ti jọ ń gbé. Ó gbé atẹ sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi. Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Minna ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, torí pé Minna ni ojú irin tó ti Èkó bọ̀ ti pàdé èyí tí wọ́n là láti Baro lọ sí Kano. Yorùbá tó bá ojú irin yẹn dé ibí, tí wọn ò sì padà sílé mọ́, wọ́n pọ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín ilé, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n wá gbé àpótí páànù kan fún èmi àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní èmi ni mo fẹ́ràn ìwé. Lóòótọ́ ìwé kún inú rẹ̀. Lábẹ́ ìwé ni mo ti bá aṣọ òtútù kan tó ní àwọ̀ eérú. Mo tú aṣọ òtútù, mo bá ìbọn.

Ìbọn ìléwọ́ kékeré ni, kò ju ohun tó lè wọ àpò ṣòkòtò lọ. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú fíìmù, àwọn èyí tó ní àgbá roboto tó ń yí. Ṣùgbọ́n èyí kò ní òòlù tí àwọn òṣèré máa ń fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀ bọ̀rọ́ bí igbá ìjàpá. Wọ́n kọ Smith & Wesson sára ọ̀pá rẹ̀, wọ́n kọ Springfield. Lẹ́yìn èèkù rẹ̀, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ máa ń gbà mọ́ ọn, irin pẹlẹbẹ kan wà tó yọ síta díẹ̀. Mo rò pé ó ti yẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ ń ronú wẹ́dà tí yóò bá mi jó o mọ́ ara rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi irin yẹn sọ́kàn.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mi ò ké sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù olè ni. Ní Ìpínlẹ̀ Niger tí à ń gbé yìí, ìròyìn àwọn ajínigbé tó ń ti ìhà Shiroro àti Munya wá kì í jẹ́ kéèyàn sùn fọnfọn. Bí ajá àdúgbò bá ti gbó ní òru, èmi náà á jí. Mo wá ń wò ó pé Ọlọ́run ló lo bàbá mi. Kì í ṣe ìbọn tí mo rà, ogún ni. Ta ni yóò bi ọmọ léèrè ogún bàbá rẹ̀?

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku, mo kọjú rẹ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mo fa apátí rẹ̀. Kò mira. Mo kọjú rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, mo tún fà á. Kò mira. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo yí ẹnu rẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi kí n lè yọjú wo ohun tó há sínú rẹ̀, mo sì fi àtàǹpàkò ti apátí náà. Ó le gan-an bí òkúta.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ronú, òye sì yé mi lójijì: bàbá mi ti de é ni! Ọkùnrin tó ń fi okùn di páálí tó ṣófo, ṣé yóò fi ìbọn sílẹ̀ láìdè? Mo kúnlẹ̀, mo kí i ní Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, mo bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́, kó tú u fún ọmọ rẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Mo tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ń fi ìyẹn dán an wò bóyá ó gbọ́.

Nígbà tí àdúrà ò gbà, mo gbà pé ìpẹtà ni. Ilé wa nígbà yẹn, àdí ló ń wo gbogbo nǹkan sàn, láti orí gìrì ọmọ dé ara yíyún. Mo da àdí sí i dáadáa, mo fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ ọ dé ibi tí ọwọ́ ò dé, mo gbé e sójú fèrèsé kó lè mu ún. Oṣù Kejìlá ni. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ Minna mọ ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, eruku ti dà bo àdí, àdí ti dì mọ́ eruku, ìbọn bàbá mi wá dà bí àkàrà tí wọn ò tíì dín.

Mo gba ìdí télọ̀ ìtòsí wa lọ, mo ní kó bá mi wá epo maṣíìnì díẹ̀. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní maṣíìnì ìránṣọ ìyàwó mi ló ń ké. Ọmọlúwàbí ni télọ̀ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjì wá sílé wa pẹ̀lú sípánà àti páànù epo, pé kí wọ́n wá bá Màmá Tọ́pẹ́ tú maṣíìnì palẹ̀. Màmá Tọ́pẹ́ kò ní maṣíìnì rí láyé rẹ̀. Mo pàdé wọn lẹ́nu géètì, mo ní ó ti tà á.

Epo náà ṣiṣẹ́ ṣá. Ní ọjọ́ Sátidé tí ìyàwó mi lọ sí ọjà Kure, mo gbé ìbọn lọ sí ilé ìdáná, torí ibẹ̀ ni oòrùn ti ń wọlé dáadáa. Mo rí ìdè kékeré kan lókè rẹ̀, nítòsí ẹ̀yìn àgbá. Mo fi ìka gbé e. Ìbọn náà ṣẹ́ sí méjì lọ́wọ́ mi! Ẹnu rẹ̀ dorí kodò, irin kan bíi ìràwọ̀ yọ láti àárín àgbá, ó sì ta gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fò lọ bí ọmọ ayò. Ọ̀kan bọ́ sínú síǹkì, ọ̀kan yí lọ sábẹ́ sítóòfù, méjì ń jó lórí símẹ́ǹtì.

Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ ni. Ìgbà tí mo ṣà wọ́n jọ ni mo tó mọ̀ pé ọta ni. Àgbá náà ní ojúhò márùn-ún. Ọta mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ kà á padà. Ọta márùn-ún ló wà nínú ohun tí mo kọ sí kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo kọ sí ẹsẹ̀ mi, tí mo kọ sí ojú ara mi, tí mò ń fà, tí mo sì ń bínú pé kò dún.

Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ẹni tó ní ọpọlọ ì bá ké gbàjarè níbẹ̀. Èmi wá ibi ìpamọ́. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ò dáa, Tọ́pẹ́ máa ń gun ún. Inú jẹnẹrétọ̀ ò dáa, mẹkáníìkì máa ń tú u. Mo wé ìbọn sínú ọ̀rá, mo rì í sí ìsàlẹ̀ àpò gàrí, mo sì lérò pé mo gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Ọ̀fà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyàwó mi ní kí wọ́n máa gbé gàrí yẹn lọ, pé a óò ra òmíràn.

Mo fò dìde. "Mọ́mì, ẹ má gbé e o! Gàrí yẹn ti bàjẹ́."

Ìyá wo bàsíà tí mo ti fi ń mu gàrí bọ̀ láti òwúrọ̀. "Àna mi, ẹ̀yin wá ń mu èyí tó bàjẹ́?"

Mo ní dókítà ló ní kí n máa mu ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí ìyàwó mi tó bá ọta karùn-ún nínú ẹ̀wà. Mo jẹ́wọ́. Mo gbé ìbọn wá, mo gbé e lé tábìlì. Láìmọ̀ọ́mọ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí i. Ó yẹra. Mo ní kó má bẹ̀rù, pé Bàbá ti de é, pé kò lè yìn. Ó yẹra lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ìbọn ní apátí o, kò ní apátí o, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Ṣé olè lẹ fẹ́ lé ni, àbí opó lẹ fẹ́ sọ mí dà?"

Òun ló ní ká lọ pe Baba tó wà lẹ́yìn ilé wa. Gbagyi ni Baba, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni, títún ìbọn ṣe sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ní báríkì. Ó wọlé, ó bi wá ohun tó ń rùn bí àdí. Ó ṣí ìbọn, ó rí i pé ó ṣófo, ó tún fi ìka wò ó. Lẹ́yìn náà ló fi irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èèkù hàn mí, èyí tí mo fẹ́ gbé lọ fún wẹ́dà.

Ó fi Hausa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Irin yẹn ni àgádágodo rẹ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ kò bá fún un mọ́ èèkù pinpin, apátí kò ní mira láéláé. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Láti 1887 títí di 1940 ni ilé iṣẹ́ náà fi ń ṣe irú rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà gbọ́ pé ọmọdé kan fi ìbọn ṣe ara rẹ̀ léṣe, ló bá ní òun yóò ṣe èyí tí ọwọ́ ọmọdé kò ní lè fún, kó sì tún fà, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òyìnbó sọ ọ́ lórúkọ ohun tí wọ́n fi ń fún ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n fi òòlù rẹ̀ pamọ́ sínú kó má baà kọ́ aṣọ nínú àpò.

Baba wá ní kí n fi bí mo ṣe gbé e ní ọjọ́ kìíní hàn òun. Mo fi ìka méjì gbé e bí òkú eku. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ojo rẹ ló gbà ọ́ là. Ká ní ìwọ náà dì í mú bí ọkùnrin, a ti ń jẹ sàárà rẹ báyìí."

Mo ṣì ní ohun kan tí mo gbójú lé. Ìwé kan wà nínú àpótí Bàbá, ó ti pọ́n, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, mo rí ọ̀rọ̀ "licence" lókè rẹ̀. Mo ti ka ìyẹn sí ìwé àṣẹ ìbọn. Mo gbé e tọ ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà. Ó fi awò ojú rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Kẹ̀kẹ́ ni." Ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ti 1958, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà yẹn máa ń gba owó rẹ̀.

Ó wá ka òfin ìbọn ti 1959 sí mi létí. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ìbọn sí. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà ní ìpín kẹta. Ìbọn ọdẹ olójú kan tàbí méjì wà ní ìpín kejì, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni àṣẹ rẹ̀ wà. Ìbọn ìléwọ́, ì báà kéré tó àtẹ́lẹwọ́, ìpín kìíní ló wà, pẹ̀lú bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta àti àgbá ogun. Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í dín ní ọdún mẹ́wàá. Òfin kò sì yọ ogún sílẹ̀. Ohun tó wà nínú gàrí wa, lójú òfin, bí ẹni fi àgbá ogun pamọ́ ni.

Mo ní kí n sáré gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Lọ́yà dì mí mú. "Bí wọ́n bá yẹ kéké tí o bá wọ̀ wò ní ráńdábáòtù Mobil, tí wọ́n bá a lára rẹ, ta ni yóò gbọ́ pé o ń lọ dá a padà ni?" Ó pè wọ́n fúnra rẹ̀, ó kọ lẹ́tà, àwọn ọlọ́pàá wá gbé e nílé níṣojú rẹ̀. Ọta mẹ́rin wà nínú ife, ìkarùn-ún wà nínú atẹ ẹ̀wà. Mo kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún odindi wákàtí mẹ́ta. Níbi tí mo ti kọ "àdí", ọ̀gá wọn ní kí n tún un sọ.

Wọ́n gbé ìbọn lọ, wọ́n fi aṣọ òtútù sílẹ̀ fún mi. Òun ni mo fi ń nu bàtà. Ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ wà ní férémù ní pálọ̀. Nínú gbogbo ọ̀ràn yìí, ìbọn náà nìkan ló ní ìjánu; ẹni tó gbé e dání kò ní. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ nínú àpótí bàbá yín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má da epo sí i, ẹ má gbé e jáde. Ẹ kó ọmọ kúrò nítòsí, ẹ ti yàrá náà, ẹ pe lọ́yà kí ó pe ọlọ́pàá. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ṣí i kí ẹ tó ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọta yín kí ẹ tó gbé ẹ̀wà kaná.