Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ta Ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́ Eapọ́ọ̀tù ní Mòwé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ejẹ́ǹtì onílẹ̀ láti Ìbàfò títí dé Ìfọ̀,

Mo rí pátákó yín tuntun lójú ọ̀nà Mòwé sí Ọ̀fàdà. Ọkọ̀ òfurufú tí ẹ yà síbẹ̀ ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti bà, táyà rẹ̀ ku díẹ̀ kó kan òrùlé ilé alájà kan tó wà nísàlẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni sí eapọ́ọ̀tù.

Ẹ̀gbọ́n, eapọ́ọ̀tù wo?

Ti Ìkẹjà? Èyí tí wọ́n ti ń lò láti ayé ogun Hitler, tí wọ́n ṣí ilé èrò ńlá rẹ̀ ní 1979, tí wọ́n fi orúkọ Murtala Muhammed pè? Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Kara lójú ọ̀nà ńkọ́? Ti Bẹ́gà ńkọ́? Ẹ bi ẹni tó há sí Kara láàárọ̀ Monday bóyá ìṣẹ́jú ló fi ń kà á.

Àbí ti Gateway ni? Ilẹ̀ Rẹ́mọ nìyẹn wà, láàrin Ìpéru àti Ìlíṣàn. Láti ayé Gómìnà Gbenga Daniel ni wọ́n ti ń sọ ọ́, Gómìnà Dapo Abiodun ló wá kọ́ ọ. Oṣù kìíní 2023 ni ọkọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀, ó di 2025 kí ọkọ̀ elérò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Àbújá. Irè oko gan-an ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ìrẹsì Ọ̀fàdà lè wọ ọkọ̀ òfurufú ṣáájú ẹni tó ra plọ́ọ̀tì yín.

Kódà bí ẹyẹ bá fò ní tààrà láti Mòwé, yóò fò ju ogún kìlómítà lọ kó tó dé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo wá rò ó pé bóyá ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ lẹ fi ka ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò purọ́. Àmọ́ kì í já èrò sílẹ̀ ní Mòwé.

Ẹ̀yin ti Ìfọ̀, tí ẹ̀yin náà ń pariwo eapọ́ọ̀tù, lọ̀rọ̀ yín tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí wọ́n ṣí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, tó ń gba Ìfọ̀ kọjá, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright ò tíì fi ọkọ̀ òfurufú fò ní Amẹ́ríkà. 1903 ni tiwọn. Ẹ ní ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ wá lọ ń yá ọkọ̀ òfurufú ará Rẹ́mọ lò.

Bí ilẹ̀ bá sì wá súnmọ́ pápákọ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká wo ìwé rẹ̀ dáadáa. Ìjọba kì í fi irú ibẹ̀ ṣeré.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ra ilẹ̀ o. N ò bèèrè eapọ́ọ̀tù mọ́. Ẹ ṣáà sọ iye tí ọ̀kadà ń gbà láti ìdí plọ́ọ̀tì yẹn dé títì nígbà òjò, ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Èmi oníbàárà yín.