Ẹ̀gún Inú Ike Áísìkiriìmù

Ẹ má bi mí léèrè ohun tó gbé mi dé ìdí ẹja olóró nínú fúláàtì ní Peckham, nílùú London. Mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù, ó wọ̀ mí lójú, mo rà á, ó tán. Stingray ni, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Potamotrygon motoro, ọmọ odò Amazon àti Paraná ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí kì í dé òkun rárá. Ó rí pẹlẹbẹ, ó rí roboto, àmì aláwọ̀ ọsàn sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Abẹ̀bẹ̀. Àǹtí mi ní Ìbàdàn ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. “Ọbẹ̀ yẹn ńkọ́?” ni wọ́n máa ń bi mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Abẹ̀bẹ̀ kọ oúnjẹ. Mo ju edé sí i, ó gba orí ẹ̀ kọjá. Ihò méjì tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, èyí tó fi ń fa omi sínú nígbà tó bá sùn sórí iyanrìn, wá ń ṣí, ó ń pa dé, wéré-wéré. Mo pe àǹtí mi, torí wọ́n ti sin ẹja àrọ̀ rí. “Da iyọ̀ sí i.” Ọpẹ́lọpẹ́ pé iyọ̀ ti tán nílé! Iyọ̀ a máa ran ọ̀pọ̀ ẹja odò lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú Abẹ̀bẹ̀ ti pẹ́ lódò débi pé ara wọn ti gbàgbé ọgbọ́n tí àwọn ìbátan wọn inú òkun fi ń bá iyọ̀ gbé.

Ibi tí mo ti ń ronú ni mo ti rí egungun kan lórí iyanrìn, lẹ́bàá ìrù rẹ̀. Yéè! Egungun ẹja mi ti já. Mo ti mọ àrùn náà lójú ẹsẹ̀, mo ti sọ ara mi di dókítà ẹranko. Mo ki ọwọ́ lásán bọ omi kí n lè mú ẹ̀rí jáde.

Egungun kọ́, ẹ̀gún oró ni. Orí ìrù ló ti ń hù, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Eyín wà létí rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn ni wọ́n sì kọjú sí, tó fi jẹ́ pé wíwọlé rẹ̀ rọrùn ju jíjáde lọ. Inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó ni oró wà. Bó bá gbó, á bọ́, òmíràn á sì ti máa hù. Nígbà mìíràn méjì á jọ wà lórí ìrù kan ṣoṣo. Kì í ṣe àìsàn rárá! Èyí tó ti bọ́ pàápàá ṣì lè ta èèyàn. Ẹni tó ta ẹja fún mi mọ gbogbo èyí. Ó rí ẹnu ta iná fún mi, ó ta iyanrìn, ó ta igi oníke tí ẹja ò yà sí, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu sọ pé ẹ̀gún ń bọ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀gún náà wọ àtàǹpàkò mi. Mo ké débi pé ará òkè fi igi lu ilẹ̀ ilé wọn. Ìrora náà gun apá mi dé abíyá.

Mo dé ọsibítù pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́ kan, ike áísìkiriìmù tí mo fi ẹ̀gún sí lọ́wọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì wo orúkọ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ Yorùbá.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ló ta yín?”

“Ẹja.”

“Ẹja bí ti báwo? Pánlá?”

Ó ki ọwọ́ mi bọ omi gbígbóná, tó gbóná dé ibi tí mo lè fara dà, nítorí ooru ló ń ba oró yẹn jẹ́. Ó ní ó lè tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo sì ráyè sọ̀rọ̀. Mo ṣí ike, mo ṣàlàyé àrùn egungun tó ń ṣe ẹja mi, ojú mi fẹ́ dá omi. Ó pe ẹnì kejì wá wò ó. Ìyẹn pe ẹlòmíràn. Wọ́n tò yí mi ká.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti yẹ omi ẹ̀ wò?”

Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò.

“Goldfish wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Bí wọn ò bá jẹun, omi la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ṣé ẹ ò fọ nǹkan kan láìpẹ́?”

Mo fọ kànrìnkàn inú asẹ́ omi. Abẹ́ omi ẹ̀rọ gbígbóná ni mo ti fọ̀ ọ́, títí ó fi mọ́ fáú. Nọ́ọ̀sì di ilẹ̀kùn mú kó má bàa ṣubú, ẹ̀rín ń pa á lọ.

Ìdọ̀tí kànrìnkàn yẹn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ amóníà ara ẹja di nitrite, tí wọ́n tún ń sọ ìyẹn di nitrate, ń gbé. Ooru àti chlorine inú omi ẹ̀rọ ti pa wọ́n. Abẹ̀bẹ̀ ń mu májèlé, èmi ń wá egungun.

Nílé, ọwọ́ òsì ni mo fi bu omi rẹ̀ sínú ìgò kékeré, mo kán oògùn tí a fi ń yẹ amóníà wò sí i, mo dúró fún ìṣẹ́jú 5. Ó yẹ kó wà ní àwọ̀ ìyeyè. Ó di ewédú. Mo pààrọ̀ ìdajì omi náà, lẹ́yìn tí mo ti fi oògùn pa chlorine inú tuntun. Bó ṣe dọ̀la, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ń jẹ edé báyìí, ó sì ń wá kún un.

Ẹ̀gún yẹn ò sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Nọ́ọ̀sì gbà á tòun ti ike rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ alẹ́ kò ní gba òun gbọ́.